Ẹlẹ́dẹ̀ Mẹ́jọ Lẹ́nu Géètì

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn kò tíì mọ́ tán tí Herminia àti Crisanto ọkọ rẹ̀ ti ń bá ara wọn fà á nínú èéfín lẹ́yìnkùlé. Odindi ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́jọ ló wà lórí èédú. Wọ́n ti ki ọparun bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹnu dé ìdí, Crisanto àti ọkùnrin méjì tó háyà ń yí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rá ń kán sínú iná, iná ń bú. Koríko ọba àti aáyù tí Jovelyn ọmọ wọn rọ sínú ikùn àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà ti ń ta sánsán dé títì. Lọ́jọ́ mìíràn, òórùn yẹn nìkan tó láti mú inú Herminia dùn. Lọ́jọ́ yìí, ńṣe ló ń dá kún ìbínú rẹ̀.

"O ò tíì lọ?" ni Crisanto bi í, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

"Kí n lọ síbo? Ṣé òru ni wọ́n ń ṣí ọ́fíìsì ìjọba ni?"

"Àwọn èèyàn ti tò síbẹ̀ báyìí. Tó bá di pé oòrùn yọ kó o tó débẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo ìlú lo máa wà. Máa rójú níbẹ̀, ṣó o gbọ́."

"Ìwọ náà ò ṣe lọ? Àbí èmi nìkan ni mo bí Jovelyn?"

Orúkọ Jovelyn yìí ló pa Crisanto lẹ́nu mọ́. Ó kọjú sí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa á lára bíi pé ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ń bí wọn nínú kò ta kókó rárá. Ilé ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti ní kí Crisanto sun ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́jọ wá, kó gbé wọn dé ẹnu géètì ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, òun ni yóò máa sun ẹlẹ́dẹ̀ fún gbogbo àjọ̀dún wọn láti ìsinsìnyí lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní rìsíìtì tí ìjọba fọwọ́ sí. Atẹ̀wé kò sì gbọdọ̀ kó rìsíìtì fún ẹnikẹ́ni àyàfi kí ọ́fíìsì owó orí kọ́kọ́ fi ìwé àṣẹ sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Èyí tí wọ́n ní nílé tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìjọba ti ní irú rẹ̀ kò wúlò mọ́, kí kálukú lọ tẹ tuntun. Ó ti lé lóṣù kan tí Herminia ti kó ìwé lọ. Wọ́n ní kó lọ kó padà wá. Ó lọ, ó padà wá, wọ́n tún ní kó lọ kó padà wá. Ìgbà tó lọ gbẹ̀yìn ni wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì yìí.

Orí Jovelyn sì ni gbogbo ìnira ọ̀hún dá lé. Obìnrin kan tó ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ ṣiṣẹ́ ilé ní Kùwéètì yóò pè é lórí fóònù ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ láti gbọ́ bóyá ó ń lọ àbí kò lọ. Jovelyn ní ọmọ lọ́wọ́, Tintin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe ni pé bí iṣẹ́ ilé ìjọba bá bọ́ sí i, Jovelyn yóò dúró, òun ni yóò máa bójú tó èlò àti adùn ẹran. Bí kò bá bọ́ sí i, yóò lọ. Gbogbo ilé ló mọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀, Ìyá Àgbà Pacita, ìyá Crisanto, ń bu ìrẹsì tí wọ́n fi aáyù dín sínú àwo, ó ń já orí ẹja gbígbẹ.

"Nígbà tiwa," ló wí, "a máa pa ẹlẹ́dẹ̀, a máa tà á, ó tán. Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹlẹ́dẹ̀?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun yín," ni Herminia wí.

"Mò ń jẹ ẹ́ náà nìyí. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ìwé tí wọ́n máa fi kó ọmọ wa lọ kì í pẹ́. Ti Jovelyn, ọ̀sẹ̀ kan ló gbà. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n tẹ ìka rẹ̀, páù páù páù, ó ti tán. Tèyí tá a fẹ́ fi jókòó sílé jẹun ni ò jáde."

Jovelyn gbé Tintin sí ìbàdí, ó jáde lọ wo iná.

Èrò ti pọ̀ bí omi ní ọ́fíìsì owó orí nígbà tí Herminia dé. Ó gba nọ́ńbà, ó jókòó sórí àga rọ́bà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Fáànù ńlá ti òkè àjà kò ṣiṣẹ́. Fáànù kékeré kan wà lójú fèrèsé kẹta, ojú Madam Verzosa nìkan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ó ń jẹ búrẹ́dì díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń fọwọ́ gbá èérún kúrò lórí ìwé àwọn èèyàn. Ẹni tó bá kàn á dìde fìrì, á sáré lọ, á sì padà wá pẹ̀lú ojú fífà ro. Herminia wò wọ́n títí. Ó ti ń lọ sí ọ̀sán kí wọ́n tó pe nọ́ńbà tirẹ̀.

"Herminia Dimaculangan."

"Èmi nìyí, mà. Ẹ kúuṣẹ́, mà."

Madam Verzosa tẹ orúkọ náà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó jẹ búrẹ́dì.

"Kò tíì jáde."

"Ẹ ní ọjọ́ Ẹtì ni, mà. Òní lọjọ́ Ẹtì."

"Mo ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. N ò sọ pé ó máa jáde lọ́jọ́ Ẹtì."

"Kí ló ń dá a dúró, mà? Ẹ sọ fún mi, mo máa ṣe é."

"Ìsọ̀ yín kejì ni."

"Ìsọ̀ kejì wo? Mi ò ní ìsọ̀ kejì."

"Ó wà níbí. Ìsọ̀ ìpápánu níwájú ilé ẹ̀kọ́. Orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀. Ó pẹ́ tẹ́ ẹ ti sanwó orí rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ ò sì kọ ìwé wá. Kọ̀ǹpútà ò lè fún ẹni tó bá jẹ̀bi ní àṣẹ. Òun fúnra ẹ̀ ló tì í, kì í ṣe èmi."

Ó gba Herminia díẹ̀ kó tó rántí. Nígbà tó rántí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Àtíbàbà kan tó fi ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín àti omi dídì fún àwọn ọmọ ilé ìwé ni!

"Mà, ìjì ti gbé ìsọ̀ yẹn lọ! Ìjì ńlá yẹn tó ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Inú oko ìrẹsì la ti lọ ṣa páànù rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, kódà òpó kan ò sí níbẹ̀."

"Ṣé ẹ wá sọ fún wa?"

"Gbogbo ìlú ló rí i, mà! Ẹ̀yin náà wà ní ìlú!"

"Ìjì ò láṣẹ láti ti ìsọ̀ pa. Àwa la máa ń tì í. Títí dìgbà tẹ́ ẹ bá wá tì í lọ́dọ̀ wa, ìsọ̀ yẹn ń tajà lójú tiwa."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ìwà! Àwọn náà tó ti jókòó láti àárọ̀, tí wọ́n máa kàn láìpẹ́, àwọn ni wọ́n ń bá obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín kí ojú rẹ̀ lè rọ̀ sí wọn. Herminia yíjú wò wọ́n, ó kórìíra wọn ju Madam Verzosa lọ.

"Kí ni kí n ṣe báyìí, mà?"

"Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí àdúgbò yín pé ìjì gbé ìsọ̀ lọ. Ẹ lọ búra níwájú lọ́yà. Ẹ san owó ìtanràn. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá á wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ọ̀gá bá wà nílé."

"Ẹlẹ́dẹ̀ ti wà lórí iná, mà. Mẹ́jọ. Aago mẹ́ta òní ni ilé ìjọba ń retí wọn."

"Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gbé wọn síná?"

Ọ̀rọ̀ Jovelyn ti dé ẹnu Herminia. Ó fẹ́ sọ pé, mà, ẹ wò ó, ọmọ mi máa fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ fọ ilé onílé nítorí òǹtẹ̀ tó wà níwájú yín yẹn. Ó wo ojú obìnrin náà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Bó ṣe ń kó ìwé rẹ̀ jọ ni Madam Verzosa tún bojú wo orúkọ náà. "Dimaculangan. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sun ẹlẹ́dẹ̀ oníkoríko ọba yẹn kẹ̀! Mo ti jẹ ẹ́ níbi ìgbéyàwó kan. Awọ ẹ̀ ń dún kàù lẹ́nu. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó sì pe nọ́ńbà tó kàn.

Láti ibẹ̀ Herminia wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ Isko atẹ̀wé. Isko ti tẹ àwọn rìsíìtì náà tán láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé òun náà rò pé ìwé àṣẹ kò ní pẹ́. Wọ́n wà lórí pákó lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi okùn dì wọ́n, orúkọ wọn hàn gedegbe lókè: Ẹlẹ́dẹ̀ Sísun Dimaculangan. Herminia fọwọ́ kan ti òkè. Ojú bébà náà ń dán, ó ń rùn bíi yíǹkì.

"Fún mi ní ewé kan, Isko. Ewé kan péré. Mi ò ní kó gbogbo ẹ̀."

"Ìyá Jovelyn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Kí ni mo ṣe sí ẹ? Ewé kan ni mo tọrọ."

"Nọ́ńbà wà lára ewé kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan níta kí ìwé àṣẹ tó jáde, ẹ̀rọ yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹun nídìí ẹ̀rọ yìí."

"Tèmi ò jẹun?"

Isko fi aṣọ bo àwọn rìsíìtì náà, bí wọ́n ṣe ń bo òkú lójú. Ó ní kí wọ́n fún Herminia ní kọfí. Herminia ní kó máa mu kọfí rẹ̀ o, kó mu ún kó yó, ó sì jáde.

Nígbà tó délé, awọ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n ti gbé wọn kúrò lórí iná, Jovelyn ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé wọn. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé òfìfo ni, ó tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Crisanto ló béèrè. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìsọ̀ tí ìjì gbé lọ, ó bú jáde.

"Ìsọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀! Mo sọ fún ẹ nígbà yẹn pé má lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ta ló ń forúkọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba? Ìwọ lo fẹ́ máa ṣe ọmọlúàbí!"

"Ṣé nígbà tó ń jẹ́ kó o rówó ra sìgá, o sọ bẹ́ẹ̀? O ò sọ ọ́! O ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, o ń fi sìgá sí i!"

Ẹnu yìí ni wọ́n wà tí Chayong aládùúgbò wọn fi yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Chayong ló ń ta ìrẹsì àti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní igun òpópónà. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní Kùwéètì, ilé rẹ̀ sì ti di onítáìlì dídán láti ilẹ̀ dé ògiri, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó mú ìwé rìsíìtì kan há abíyá.

"Mo gbọ́ ohùn yín dé ìsọ̀ mi," ló wí. "Kí lẹ̀ ń pariwo fún? Ẹ gba rìsíìtì tèmi. Ìjọba fọwọ́ sí i, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣebí gbogbo wa la máa ń yá ara wa ní rìsíìtì ládùúgbò yìí. Oníṣẹ́ irin yá tèmi lóṣù tó kọjá, kò sẹ́ni tó mú un."

Òótọ́ ló sọ. Ní ìlú yẹn, bí wọ́n ṣe ń yá àwo ayẹyẹ ni wọ́n ṣe ń yá rìsíìtì. Ẹni tó ní yóò ya ewé kan fún ẹni tí kò ní, ẹni tó yá a yóò gbé oúnjẹ díẹ̀ wá nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tán.

"Orúkọ tirẹ̀ ló máa wà lórí rẹ̀," ni Herminia wí. "Àwa la bá ilé ìjọba ṣe àdéhùn."

"Orúkọ wo?" ni Crisanto gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé orúkọ ni wọ́n fẹ́ jẹ ni? Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fẹ́ jẹ."

"Bàbá Jovelyn, n ò fẹ́ràn rẹ̀."

"Kí lo wá fẹ́? Mú tìrẹ wá, ká rí i!"

Chayong ti jókòó, ó ti ń kọ ọ́. Bó ṣe ń kọ ọ́ ló ń wo Jovelyn. "Bí ò bá sì bọ́ sí i náà, kí ni? Kùwéètì ò pa ọmọ tèmi. Wo ilé mi. Ìyá ọmọ mélòó ló wà níbí tí ọmọ wọn ò lọ? Tintin á mọ ìyá rẹ̀ lójú fóònù. Tèmi náà ń rí ọmọ rẹ̀ lójú fóònù."

"Chayong, kọ rìsíìtì tó o wá kọ," ni Herminia wí.

Ó gba ewé náà. Inú rẹ̀ kò balẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó gbà á, ó pa á mẹ́rin, ó kì í bọ àyà.

Ìlù àti fèrè ti ń dún nínú ilé ìjọba nígbà tí jíìpù wọn dúró lẹ́nu géètì. Aago mẹ́ta kò tíì lù. Ẹnì kan jáde wá gba ọjà, ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun tó fún mọ́ ọn lára, tó ki bírò mẹ́ta bọ àpò àyà. Ó ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú ẹlẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́, ó mi orí. Ó ya awọ etí rẹ̀ díẹ̀, ó jù ú sẹ́nu. Ó dún kàù.

"Ó dára," ló wí. "Ó dára gan-an. Rìsíìtì dà?"

Herminia fún un. Ọkùnrin náà ń jẹ awọ, ó ń kà á.

"Ta ni Rosario Punzalan?"

Orúkọ Chayong nìyẹn. Crisanto ní, "Aládùúgbò wa ni, sà. Òun la jọ ń ṣe é."

"Ìrẹsì àti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ló wà lókè ìwé yìí. Dimaculangan ló wà lórí àdéhùn. Ṣé oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni kí n gbé fún gómìnà?"

Àwọn ọlọ́pàá ẹnu géètì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà gbádùn ẹ̀rín wọn, ó tún un sọ.

"Sà," ni Herminia wí, "ìwé tiwa ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé, ó ti parí. Òǹtẹ̀ ló kù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mo máa gbé e wá fún yín fúnra mi. Ẹ gba ẹran lónìí, ẹ má sanwó títí ẹ ó fi rí ìwé. Ẹ má sanwó rárá."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

"Ẹ ti jẹ nínú ẹ̀, sà."

"Títọ́ ni mo tọ́ ọ wò! Iṣẹ́ mi ni!" Ojú rẹ̀ yí padà báyìí. "Ẹ sì mọ̀ pé mo lè fi rìsíìtì ayédèrú yìí gbé yín? Ẹ dúpẹ́ pé ọjọ́ ayẹyẹ ni. Ẹ yí ọkọ̀ yín padà, ẹ ń dí gómìnà lọ́nà. A máa ra núdùùsì."

Ó fa rìsíìtì Chayong ya, ó fi nu ọ̀rá lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́jọ padà sílé. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹlẹ́dẹ̀ sísun, gbogbo ẹni tó ń gbé ìlú yẹn ló mọ̀ ọ́n: bó bá ti pẹ́ nínú ewé, ooru ara rẹ̀ á mú kó làágùn, awọ rẹ̀ á rọ̀, kò sí iná kankan tó lè dá a padà. Ọwọ́ Herminia wà lórí ewé tó wà nítòsí rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, àdúgbò ti gbọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n lu agogo. Wọ́n ń mú àwo bọ̀, wọ́n ń mú ìkòkò bọ̀.

"Èló lẹ̀ ń tà á?"

"Ìdajì owó," ni Crisanto wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

"Ìdajì? Awọ ẹ̀ ti rọ̀ kẹ̀. Ẹ dín in kù."

"Èmi ò fẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ gé ìbàdí fún mi."

"Wọ́n ní ìwé ayédèrú ni wọ́n gbé lọ fún gómìnà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn ọlọ́pàá fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wọn ni."

"Àánú wọn ṣe mí. Ẹ fi ẹ̀dọ̀ díẹ̀ sí i fún mi, Ìyá Jovelyn."

Àánú wọn ṣe é, ẹ̀dọ̀ ló ń tọrọ! Jovelyn ló di àáké ẹran mú. Ó ń gé e, kì í wòkè, ó ń gbé e sórí ìwọ̀n, ó ń gba owó, ó ń fún ìyá rẹ̀. Tintin jókòó nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di ìdí aṣọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó ń jẹ egungun ìhà pẹ̀lú ìkejì. Ìyá Àgbà Pacita ti gbé ìkòkò ńlá síná, ó ń da ọtí kíkan sí i, nítorí pé èyí tí kò bá tà ni wọ́n máa fi ọtí kíkan sè, òun ni wọ́n máa jẹ títí dọ́jọ́ tí kò lórúkọ. Ní gbogbo ìgbà yìí, Chayong dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi fóònù pe gbogbo ẹni tó mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ń bẹ nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Ó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, àbí ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má ráyè béèrè nípa rìsíìtì rẹ̀? Ẹ má bi mí.

Nígbà tí oòrùn ti rẹlẹ̀, ọkọ̀ kan dúró, awakọ̀ kan bọ́ sílẹ̀, ọmọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ kan ni.

"Ẹ káalẹ́ o. Wọ́n ní odindi ṣì kù. Àwọn ọ̀gá mi fẹ́ ṣe ìdágbére fún ẹnì kan."

Odindi kan ṣoṣo ló kù tó ṣì dúró dáadáa, èyí tí wọ́n gbé kúrò lórí iná gbẹ̀yìn, tí awọ rẹ̀ kò tíì rọ̀. Crisanto sọ ìdajì owó. Awakọ̀ náà kò ná an, ó yọ owó ńlá látinú àpò, ó kà á sí Herminia lọ́wọ́. Ojú Crisanto mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó fúnra rẹ̀ wé ẹlẹ́dẹ̀ náà, ó fi okùn dì í, òun àti ọkùnrin tó háyà sì gbé e dé ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ẹ ṣé o," ni awakọ̀ wí. "Ẹ bá mi kọ rìsíìtì."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yíjú wo Herminia.

"Kí lo wí?" ni Herminia béèrè.

"Rìsíìtì, mà. Owó ara mi ni mo kó wá yìí, Madam Verzosa ló máa dá a padà fún mi. Láìsí rìsíìtì, kò ní dá a padà. Ẹ mọ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì owó orí, ọ̀rọ̀ rìsíìtì, wọn kì í fi ṣeré."

Herminia rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn-ún gbọ́, ó sì pẹ́. Tintin sunkún nítorí rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó kó owó náà padà sí awakọ̀ lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé e lórí.

"Bàbá Jovelyn, sọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kalẹ̀."

"Herminia, owó ni."

"Mo mọ̀ pé owó ni. Sọ ọ́ kalẹ̀."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ni awakọ̀ wí, "kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ fún Madam Verzosa pé rìsíìtì tó ń béèrè wà níwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì rẹ̀. Kó lu òǹtẹ̀ sí i. Sọ fún un pé ìsọ̀ tí ìjì gbé lọ ń tajà lójú tiwọn, kó lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín níbẹ̀."

Awakọ̀ náà wo Crisanto. Crisanto wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú okùn náà, ó gbé ẹlẹ́dẹ̀ náà kalẹ̀. Ọkọ̀ náà ṣẹ́rí, ó lọ.

Herminia gba àáké lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó là á sẹ́yìn ẹlẹ́dẹ̀ náà ní gbogbo agbára rẹ̀, awọ rẹ̀ dún kàù, kò tíì rọ̀ rárá. "Ẹ gbé àwo wá," ló wí fún àwọn aládùúgbò. "Ẹ gbé àwo wá! Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ò ní béèrè rìsíìtì, àbí?" Wọn kò kọ́kọ́ mira. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àwo wá. Ti Chayong ló tóbi jù.

Àáké ṣì wà lókè nígbà tí fóònù dún nínú ilé. Jovelyn nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, ó yọ ìka Tintin kúrò nídìí aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọlé. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, gbogbo wọn ló gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mò ń lọ." Ó ń fetí sílẹ̀. "Rárá, mà, kò sí èyí tó kù. Ìwé mi ti pé. Gbogbo ẹ̀ ló ní òǹtẹ̀."